Níbo La Máa Gbé Ọkọ̀ Sí? Ìrìn Inú Igbó fún Ará Ìgboro

Bó bá jẹ́ inú dáńfó lẹ ti ń gbọ́ mi, ẹ yọ íáfóònù kúrò ní etí kan, torí kọ́ńdọ́kítọ̀ ò ní mọ̀ pé èmi lẹ̀ ń gbọ́ tó bá ń béèrè owó ẹ̀. Bó bá sì jẹ́ pé ńṣe lẹ̀ ń kà á lórí fóònù, ẹ ṣeun tí ẹ yà wá.

Ọ̀rọ̀ ìrìn inú igbó ni mo gbé wá lónìí. Kì í ṣe ti ọdẹ o, mi ò mọ ìbọn yìn. Ìrìn ìgbafẹ́ ni mò ń sọ: kí èèyàn kúrò nílé láàárọ̀ Sátidé, kó wọ abẹ́ igi, kó rìn fún wákàtí kan tàbí méjì, kó gbọ́ ohùn ẹyẹ tí kì í ṣe ti adìẹ, kó sì padà sílé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ṣùgbọ́n ibi tí àwọn tó ń gbé fídíò sórí TikTok ti máa ń bẹ̀rẹ̀ kọ́ ni èmi fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ kọ́kọ́ bi yín: níbo lẹ máa gbé ọkọ̀ sí?

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Fídíò á fi omi tó ń já láti orí àpáta hàn yín, á fi ọmọbìnrin kan hàn yín tó na ọwọ́ méjèèjì sókè, orin á sì máa lọ lábẹ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa fi hàn yín bóyá ibẹ̀ ní géètì, bóyá ẹnì kan ń ṣọ́ ọkọ̀, tàbí bóyá etí títì ni wọ́n fi mọ́tò wọn sí tí ọkàn wọn ò balẹ̀ títí wọ́n fi padà dé ìdí ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ohun tó ń pa ìrìn wa nìyẹn. Nínú ẹgbẹ́ WhatsApp tiwa, àwa mẹ́sàn-án, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n dá a lábàá lọ́dún tó kọjá pé ká jáde ní Èkó lọ síbi tí igi wà. Ẹ̀ẹ̀mejì ló kú sórí ìbéèrè yẹn. Ẹnì kan á ní, "Ta ló máa ṣọ́ mọ́tò?" Ó tán. Àwọn kan á ní ọ̀lẹ ló ń ṣe wá. Èmi ò gbà. Ọkọ̀ yẹn, owó àjọ ni ẹlòmíì fi rà á. Ti bàbá ẹlòmíì ni. Òun náà sì ni ẹlòmíì fi ń ṣe Bolt lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Bí wọ́n bá fọ́ gíláàsì ẹ̀ nídìí igbó kan, oúnjẹ oṣù kan lọ nìyẹn.

Ohun tí mo rí nídìí ọ̀rọ̀ yìí ni pé ibi tí ọkọ̀ bá dúró sí ló ń yan ẹni tó máa rí igbó. Ọ̀dọ́kùnrin tí ẹsẹ̀ ẹ̀ le ò ní wàhálà. Ó lè gun ọ̀kadà débì kan, kó fẹsẹ̀ rin kìlómítà mẹ́ta tó kù. Ìyá tí orúnkún ń dùn ńkọ́? Ẹni tó pọn ọmọ ńkọ́? Ọmọbìnrin méjì tí wọn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa tẹ̀ lé wọn lójú ọ̀nà ńkọ́? Igbó tí àwọn wọ̀nyí ò bá lè dé, ìròyìn ẹ̀ lásán ni wọ́n á máa gbọ́. Bí ẹnì kan bá wá fẹ́ gé e lulẹ̀ lọ́la, kí ló kàn wọ́n níbẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ nítòsí. Lekki Conservation Centre, lójú ọ̀nà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́. Àwọn tó ń kọjá níwájú ẹ̀ lójoojúmọ́ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, tí wọn ò tíì wọbẹ̀ rí, wọ́n pọ̀ lọ jàra. Àjọ Nigerian Conservation Foundation, tí olóògbé Olóyè Shafi Lawal Edu dá sílẹ̀ ní 1980, ló ń bójú tó o. Ọdún 1990 ni wọ́n dá ibùdó náà sílẹ̀, ilẹ̀ ẹ̀ sì jẹ́ hẹ́kítà 78. Ẹ ṣí Google Maps, ẹ wò ó láti òkè: òrùlé, òrùlé, òrùlé, àfi bí ẹ ṣe máa ṣàdédé rí ibi kan tí ewé ṣú dùdù láàárín wọn. Ibẹ̀ ni. Bí wọn ò bá ti fi ọgbà yí i ká nígbà náà, ẹ̀yin náà mọ ohun tí ì bá wà níbẹ̀ báyìí. Ẹ̀sìtéètì ni.

Afárá gíga tí wọ́n ṣí ní 2015 ló gba gbogbo orúkọ. Gígùn ẹ̀ jẹ́ mítà 401, wọ́n so ó kọ́ sókè láàárín àwọn òpó, ó sì ń mì lẹ́gbẹ̀lẹ́gbẹ̀ bí èèyàn bá ń rìn lórí ẹ̀. Orí ẹ̀ ni gbogbo ayé ti ń ya fọ́tò. Mi ò bá wọn jà, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ni èmi fẹ́ràn jù, ọ̀nà pákó tí wọ́n tẹ́ sórí irà, tí ẹsẹ̀ ò ní kan ẹrẹ̀ rárá. Ó tẹ́jú, ọmọdé lè rìn ín, àgbàlagbà lè rìn ín. Ibi ìgbọ́kọ̀sí wà lẹ́nu ọ̀nà, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló sì wà láàárín ilẹ̀kùn ọkọ̀ àti igi àkọ́kọ́. Ẹ tètè lọ láàárọ̀, torí tó bá ti di ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi, ọkọ̀ á ti kún. Ẹ má sì jókòó ti ọkọ̀ kí ẹ máa jẹ gúgúrú. Àwọn ọ̀bọ ibẹ̀ ò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni, wọ́n á já a gbà lọ́wọ́ yín, wọ́n á tún jókòó sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì jẹ ẹ́ lójú yín.

Ará Ìbàdàn náà ò gbọdọ̀ sọ pé òun ò ríbi lọ. IITA wà lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́. Ọdún 1967 ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, ilẹ̀ ẹ̀ tó hẹ́kítà 1,000, ó sì ju ìdá mẹ́ta ẹ̀ lọ tó jẹ́ igbó. Oko ni púpọ̀ nínú ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ọgbà yí i ká tí kò sẹ́ni tó ń ṣán an mọ́, igi bẹ̀rẹ̀ sí í wù padà fúnra ẹ̀. Mo fẹ́ràn ìyẹn gan-an. Wọ́n ti sọ fún wa tó pé igbó tó bá ti lọ ti lọ nìyẹn, ẹ wá wo èyí tó padà wá.

Ẹyẹ kan wà nínú igbó yẹn tó ń jẹ́ orúkọ ìlú náà, wọ́n ń pè é ní Ibadan malimbe. Ó dúdú, orí akọ ẹ̀ sì pupa fòò. Ọdún 1958 ni orúkọ ẹ̀ kọ́kọ́ wọ ìwé àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, kò sì sí níbòmíràn lágbàáyé yàtọ̀ sí ìhà ilẹ̀ wa níbí. Ẹni tí wọ́n bí sí Ìbàdàn, tó mọ orúkọ gbogbo agbábọ́ọ̀lù Arsenal, tí kò gbọ́ orúkọ ẹyẹ yìí rí, mo kí i. Ṣùgbọ́n ẹ fetí sílẹ̀: IITA kì í ṣe ọgbà tí èèyàn kàn lè já wọ̀. Ẹ kàn sí wọn ṣáájú, kí ẹ sì mú káàdì ìdánimọ̀ dání. Nígbà tí wọ́n bá ti jẹ́ kí ẹ wọlé, ẹ lè gbàgbé ọ̀rọ̀ ọkọ̀, inú ọgbà tó ní ẹ̀ṣọ́ ló máa wà.

Ó wá kan Òṣogbo. Mo máa pẹ́ díẹ̀ níbí.

Igbó Ọ̀ṣun jẹ́ hẹ́kítà 75. Ìjọba sọ ọ́ di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè ní 1965, UNESCO sì fi í sínú àkójọ ogún àgbáyé ní 2005. Ojúbọ àti ère tó wà nínú ẹ̀ tó 40. Susanne Wenger, obìnrin ará Austria tí wọ́n ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, tó kú ní 2009, òun àti àwọn oníṣẹ́ ọnà ilẹ̀ wa bí Adébísí Àkànjí ló mọ púpọ̀ nínú àwọn ère ńlá wọ̀nyẹn, lásìkò tí wọ́n ti ń gé igi ibẹ̀ tà, tí àwọn kan sì ti ń fojú ilé wo ilẹ̀ ẹ̀. Gbogbo èyí lẹ máa gbọ́ lẹ́nu amọ̀nà. Ohun tí èmi fẹ́ sọ ni pé ọkọ̀ lè gbé yín dé ẹnu géètì gan-an. Ẹ ó gbé e síbẹ̀, ẹ ó san owó ìwọlé, ẹ ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lábẹ́ àwọn igi tí ọjọ́ orí wọn ju ti gbogbo wa lọ. Bí ẹ bá rọra rìn, ẹ ó dé etí odò láìmí gúlegúle.

Màámi ni mo mú lọ. Òṣogbo ni wọ́n ti tọ́ màámi dàgbà, ṣùgbọ́n ó ti lé lógójì ọdún tí wọ́n ti dé inú igbó náà kẹ́yìn. Orúnkún ń yọ wọ́n lẹ́nu, wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, ọmọ ìjọ Aládùúrà sì ni wọ́n. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dá a lábàá, wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní, "Ṣé o fẹ́ kí wọ́n máa sọ pé mo lọ bọ Ọ̀ṣun ni?" Mo ní rárá, ìrìn la lọ rìn. Wọ́n tún bi mí, "Báwo ni ibẹ̀ ṣe jìn sí ibi tí mọ́tò máa dúró?" Mo sọ fún wọn. Wọ́n ní ó dáa, igi làwọn ń lọ wò.

A rìn díẹ̀, a jókòó díẹ̀. Màámi ń dárúkọ igi fún mi: èyí ni ìrókò, èyí ni araba. Nígbà tí a dé etí omi, wọ́n dákẹ́. Omi náà pọ́n bí ẹ̀kọ ọkà bàbà. Wọ́n dúró pẹ́, wọ́n wá sọ pé, "Èyí kọ́."

Mo ní, "Èyí kọ́ kí ni, mà?"

"Omi tí mo mọ̀ kọ́ nìyí. Bí èèyàn bá wọ inú ẹ̀ nígbà yẹn, ó máa ń rí ọmọ ìka ẹsẹ̀ ara ẹ̀."

Amọ̀nà ló dá wọn lóhùn. Ó ní láti òkè odò ni, láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, níbi tí wọ́n ti ń wa wúrà. Bí wọ́n bá ti ń gbẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n sì ń fọ iyẹ̀pẹ̀ nínú odò, ẹrẹ̀ ẹ̀ ló ń ṣàn wá. Kò sì jẹ́ ẹrẹ̀ nìkan, torí àwọn awakùsà máa ń lo mákúrì láti fi kó wúrà jọ. Ní 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun fúnra ẹ̀ ló kìlọ̀ fún àwọn tó ń bọ̀ wá sọ́dún Ọ̀ṣun pé kí wọ́n má mu omi náà. Ẹ ronú sí i: omi tí àwọn èèyàn ń ti òkè òkun wá mu, tí wọ́n ń bu sínú kẹ́ẹ̀gì lọ sílé, omi àgbo ọmọ.

Màámi ò sọ̀rọ̀ púpọ̀ nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, wọn ò jẹ́ kí ẹgbẹ́ WhatsApp àwọn tíṣà àná sinmi. Fọ́tò odò tí wọ́n fi fóònù wọn yà, tó tiẹ̀ wọ́ díẹ̀, ni wọ́n ń fi ránṣẹ́. Wọ́n ń bi ẹni tí ọmọ ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Abẹ́rẹ̀, níbi tí ọ́fíìsì ìjọba wà, pé kí ni wọ́n ń ṣe sí i. Obìnrin tí kò fẹ́ kí wọ́n rí òun lẹ́nu géètì igbó Ọ̀ṣun nìyẹn o. Bó bá jẹ́ pé kìlómítà méjì ni ọkọ̀ máa fi jìnnà síbẹ̀, wọn ì bá má lọ. Wọn ì bá ṣì máa rò pé omi ìgbà èwe wọn ṣì wà bó ṣe wà.

Ẹ má lọ lọ́jọ́ ọdún gan-an, nínú oṣù kẹjọ, bó bá jẹ́ ìrìn ìdákẹ́jẹ́ẹ́ lẹ fẹ́. Lọ́jọ́ tí Arugbá bá ń lọ sódò, èrò á ti dí gbogbo ọ̀nà, kò sí ibi tí ọkọ̀ máa dúró sí.

Olúmirìn ní Ẹrin-Ìjẹ̀ṣà, kúrò lójú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́: ọkọ̀ ń dé ìdí òkè, ìpele àkọ́kọ́ nínú méje kò sì jìnnà. Ibẹ̀ tó fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Láti ibẹ̀ sókè, àpáta ló kù, ó sì ń yọ̀, ẹ má wọ sílípáàsì. Ìdànrè dáa púpọ̀, ṣùgbọ́n mi ò ní kà á mọ́ ìrìn tòní: ọkọ̀ lè dúró nísàlẹ̀, lóòótọ́, àmọ́ àtẹ̀gùn tó ju 600 lọ ló ń dúró de ìwọ àti ẹsẹ̀ rẹ.

Ní báyìí, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ gan-an. Ibì kan wà tí a lọ, tí mi ò ní dárúkọ, tí a sanwó ìgbọ́kọ̀sí fún ẹni tó wọ aṣọ iṣẹ́, tí a gba ìwé. Nígbà tí a padà dé, àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta kan ti jókòó ti ọkọ̀, wọ́n ní àwọn làwọn ṣọ́ ọ. A fi ìwé hàn wọ́n. Wọ́n ní ìwé ò ṣọ́ ọkọ̀. Ọ̀rọ̀ wọn tiẹ̀ fẹ́ jọ òtítọ́! Ọ̀rẹ́ mi tó ń wakọ̀ fún wọn lówó díẹ̀, a lọ. Ohun tó ṣẹ́ kù lọ́kàn mi ni pé àwọn ọmọ agbègbè yẹn ò rí ohunkóhun gbà nínú owó tí wọ́n ń pa lẹ́nu géètì. Bí àwọn tó ń bójú tó irú ibẹ̀ bá gba irú wọn síṣẹ́, kí wọ́n fún wọn ní aṣọ àti owó oṣù, ọkọ̀ á ní ẹ̀ṣọ́, igbó náà á sì ní ẹ̀ṣọ́, torí ẹni tó ń jẹun nídìí igi kì í fẹ́ kí wọ́n gé e.

Bí ẹ bá ń gbé ọkọ̀ sílẹ̀, ẹ kọ imú ẹ̀ sí ọ̀nà àbájáde. Ẹ má fi báàgì sórí ìjókòó, kódà bó ṣófo, olè ò mọ̀ pé ó ṣófo. Lásìkò òjò, ẹ wo òkè kí ẹ tó dúró sábẹ́ igi, ẹ̀ka gbígbẹ kì í kígbe kó tó já. Lásìkò ọyẹ́ ẹ̀wẹ̀, ẹ má gbé ọkọ̀ sórí koríko gbígbẹ, torí páìpù èéfín abẹ́ ọkọ̀ máa ń gbóná débi tó lè ràn án. Ẹ ra epo kí ẹ tó kúrò nígboro. Ẹ ní owó kéékèèké lọ́wọ́, POS lè sọ pé kò sí nẹ́tíwọọ̀kì. Ẹ gba máàpù sílẹ̀ sórí fóònù kó lè ṣiṣẹ́ láìsí dátà.

Ti ojú ọ̀nà, mi ò ní fi ṣeré. Ìjínigbé ń ṣẹlẹ̀ láwọn ọ̀nà kan ní ìhà tiwa yìí, kì í ṣe àhesọ. Ẹ bi àwọn tó ń gba ọ̀nà náà lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, àwọn awakọ̀ inú gáráàjì ló mọ̀ jù. Ẹ fi ibi tí ẹ wà ránṣẹ́ sí ẹnì kan nílé lórí WhatsApp. Èmi máa ń rí i pé mo ti padà sí títì ńlá kí aago mẹ́rin tó lù, bó ti wù kí igbó náà dùn tó. Bí awakọ̀ bá ní kí ẹ má lọ lónìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ.

Mo gbọ́ yín, ẹ̀yin tí ẹ ò ní mọ́tò. Èmi náà ò ní. Ohun tí à ń ṣe ni pé àwa mẹ́rin á da owó jọ, a ó háyà ọkọ̀ àti awakọ̀ tí ẹnì kan nínú wa mọ̀, àti àlọ àti àbọ̀, pẹ̀lú owó ìdúró. Ẹ sọ iye wákàtí tó máa dúró kí ẹ tó gbéra, kí ẹ sì ra oúnjẹ fún un. Ẹ má gbára lé pé ẹ ó rí Bolt tí yóò gbé yín padà láti Ẹrin-Ìjẹ̀ṣà. Nígbà tí a sọ fún awakọ̀ wa lẹ́ẹ̀kan pé kó máa bọ̀ ká jọ wọlé, ó ní, "Kí lẹ sọnù síbẹ̀?" A ní kò sí. Ó ní, "Kí lẹ wá ń wá?" A ra tíkẹ́ẹ̀tì fún un, ó tẹ̀ lé wa, òun ló sì ya fọ́tò jù.

Ó ku ẹyọ kan. Àwọn kan máa ń sọ pé kí ìjọba ṣe títì ọ̀dà wọ inú igbó wọ̀nyí títí dé ìdí omi, kí ọkọ̀ lè wọlé tààrà. Ẹ jọ̀wọ́, rárá. Ẹnu igbó ni kí ọkọ̀ dúró sí, kó sún mọ́ ọn, kó má wọ̀ ọ́. Fún ẹni tí kò lè rìn, ẹ ṣe ọ̀nà pákó bíi ti Lẹ́kí, kí kẹ̀kẹ́ aláìlera lè gbà á. Ọkọ̀ tó bá dé ìdí omi, ẹ̀rọ agbóhùnjáde á tẹ̀ lé e, àwọn tó ń yan ẹran súyà á tẹ̀ lé ìyẹn, láìpẹ́ ẹyẹ á kó lọ.

Ó yá, iṣẹ́ wà fún yín. Ẹ fi ohùn ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp ètò yìí, ìṣẹ́jú kan péré. Ẹ dárúkọ igbó tàbí òkè kan tó wà nítòsí yín, ẹ sọ ibi tí ọkọ̀ lè dúró, ẹni tó ń ṣọ́ ọ, iye tí wọ́n gbà lọ́wọ́ yín, àti iye ìṣẹ́jú tí ẹ fi rìn kí ẹ tó dé abẹ́ igi àkọ́kọ́. Ará Abẹ́òkúta, ará Ìjẹ̀bú, ará Oǹdó, ẹ̀yin lẹ jẹ wá ní gbèsè jù, mi ò gbọ́ ohùn yín látọjọ́ yìí. A ó kó gbogbo ẹ̀ jọ, a ó sì fi sí orí máàpù kan tí ẹnikẹ́ni lè ṣí lórí fóònù. Ó dàbọ̀ o.